Ìwé Wo Ni Ẹ Ń Kà Lọ́wọ́?

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde bá pàdé ara wa, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu wa. A ó béèrè àlàáfíà ọkọ àti aya, iye ọmọ, ibi iṣẹ́, ilé tí a ń kọ́ àti èyí tí a ti kọ́ parí. A ó béèrè olùkọ́ tí ó ṣì wà láàyè, àti ẹni tí ó ti di àlùfáà nínú àwọn tí wọ́n máa ń sá fún ìsìn òwúrọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ìbéèrè kan ni a kì í sábà bi ara wa: ìwé wo ni o ń kà lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sọ wá di ọ̀rẹ́, ìwé ni a sì tìtorí rẹ̀ rán wa wá sí ibẹ̀. Àwa tí a ń ṣe olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí rò pé ó tó àkókò kí a bi ara wa, kí a sì dáhùn láìtan ara wa.

A mọ ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ fọ̀. Bíbélì ni, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Lẹ́yìn Bíbélì, ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ ni. Lẹ́yìn èyí, ìwé tí ń kọ́ ni bí a ṣe ń là àti bí a ṣe ń di aṣáájú, èyí tí ó pọ̀ lórí àtẹ ní ẹnu ọ̀nà ìpàgọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, tí àwọn òbí mìíràn ń kà ju ọmọ lọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀kankan nínú wọn sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: gbogbo wọn ni a ń kà nítorí ohun mìíràn, kí a lè gbàdúrà, kí a lè lówó, kí ọmọ lè yege. Ìwé tí a ń kà nítorí pé ó dùn, tí a fi ń gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná, pàápàá èyí tí a fi èdè àwọn ìyá wa kọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú ilé wa. Ohun tí ó sì ń dùn wá jù ni pé àwọn kan ń fi ẹ̀sìn ṣe àwáwí fún un.

Ó ti di àṣà báyìí, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwa ọmọlẹ́yìn Kristi, kí òbí dá ìwé ìtàn Yorùbá padà fún olùkọ́, kí ó ní òun kò fẹ́ ìwé iwin nínú ilé òun. Ìwé D. O. Fágúnwà ni ó sábà máa ń jẹ nínú ìyà yìí. Wọn a wo àkọlé rẹ̀, wọn a rí irúnmalẹ̀ níbẹ̀, ó parí. Àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń ti wọn. Síbẹ̀ a fẹ́ sọ ọ́, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, pé ẹni tí ó bá lé àwọn ìwé wọ̀nyí jáde nítorí ìgbàgbọ́, ọmọ bíbí inú ilé ara rẹ̀ ni ó ń lé síta.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìwé Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Odidi Bíbélì náà sì jáde ní 1884. Míṣọ́nnárì ni Henry Townsend tí ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Míṣọ́nnárì ni David Hinderer náà, ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ìbàdàn. Òun ni ó túmọ̀ ìwé ńlá John Bunyan sí Yorùbá, tí a fi mọ̀ ọ́n sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ní 1866. Kí ni ó wà nínú ìwé Bunyan? Ọkùnrin kan gbé ẹrù sẹ́yìn, ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ó bá abàmì ẹ̀dá tí ara rẹ̀ ní ìpẹ́ bí ẹja jà, òmìrán kan tún mú un, ó tì í mọ́ inú túbú. Àwọn bàbá ìgbàgbọ́ wa gbé ìwé yìí lé àwọn ọmọ ìjọ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí a gbọ́ pé ó dá a padà nítorí òmìrán inú rẹ̀.

Inú ilé yìí kan náà ni Fágúnwà ti jáde. Òkè-Igbó ni a ti bí i ní 1903. Ó kàwé ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS ni ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá létí: ìwé tí a ń lé kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ìjọ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sì rí òjìji Bunyan lára rẹ̀ láìṣòro. Ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, kì í ṣe èrò ọ̀run, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kan náà ni: ènìyàn kan kúrò nílé, ewu ńlá dúró dè é lọ́nà, ìwà ni ó sì fi ń jàjàbọ́ ju agbára lọ. Nígbà tí ọba rán òun àti àwọn ọdẹ akíkanjú yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó, kì í ṣe apá Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn nìkan ni ó gbé wọn débẹ̀. Ìmọ̀dòye wà láàárín wọn, Olóhùn-iyọ̀ wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, odidi ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gba ẹ̀kọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì wà nínú ohun tí ó kọ́ wọn. Bí ẹ̀sùn kan bá wà tí a lè fi kan Fágúnwà, òun ni pé ìwàásù rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn mìíràn nínú wa máa ń fo àwọn ojú ìwé náà nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì, kí a lè tètè dé ibi ìjà.

A kò sọ pé gbogbo ìwé ni ó yẹ gbogbo ọjọ́ orí. Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí I. B. Thomas gbé ìtàn rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, kì í ṣe fún ọmọ ọdún mọ́kànlá. Obìnrin tí ó ti fi ẹwà ṣe òwò, tí ó ti darúgbó, tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, ni ó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ nínú lẹ́tà, tí ó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí ó tún ń rántí adùn rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan nígbà náà gbà pé ènìyàn gidi ni ó ń kọ ọ́. Ìwé àgbà ni, àwa àgbà ni kí a kà á, a sì gbà wá níyànjú láti kà á. Ìwọ̀nba ìwàásù díẹ̀ lórí ìrònúpìwàdà ni ó wọni lára bí i tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí yóò yan ìwé fún ọmọ, tí yóò ní èyí yẹ, èyí kò yẹ, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà. Àkọlé nìkan kò tó dá ẹjọ́ fún.

Ẹ̀wẹ̀, iwin nìkan kọ́ ni ó wà nínú ìwé Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò kà á ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Nínú ìgbìmọ̀ olóòtú wa, ẹnu wa kò kò lórí irú èyí tí ó dára jù, a sì fi ìpàdé kan tí ó yẹ kí a fi ka owó ìpolówó-ọjà jiyàn lé e lórí.

Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù nínú wa, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni tiwọn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni ọ̀gá wọn. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tí ó jáde ní 1969, Lápàdé ni ẹ ó bá pàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò fi òun sílẹ̀, pẹ̀lú Tàfá Ìgìrìpá tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Ohun tí ó jọ wá lójú nínú àwọn ìwé yìí ni èdè. Kò sí irú Yorùbá tí Òkédìjí kò lè kọ: ti awakọ̀, ti olè, ti ọlọ́pàá, ti arúgbó tí ń fi òwe gé ni lára. Ọmọ tí ó bá ka ìwé méjì yìí yóò gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ tán. Àwọn kan nínú wa fara mọ́ Kọ́lá Akínlàdé jù, ẹni tí ó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kì í pariwo, ẹsẹ̀ ọ̀daràn ni ó ń tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé náà sì ń bá a ṣe ìṣirò. Fún ọmọ tí ó ní òun kò fẹ́ràn ìwé kíkà, Akínlàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ìwé rẹ̀ kò nípọn, ọmọ náà kò sì ní lè sùn kí ó tó mọ ẹni tí ó ṣe é.

Ìfẹ́ ńkọ́? Ìbẹ̀rù àwọn òbí níbí yé wa. Ṣùgbọ́n Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997, kì í ṣe ìwé ìṣekúṣe. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá aya, kò mọ èyí tí yóò mú, ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn. Ọmọ wa tí ó ń múra àtilọ sí yunifásítì yóò bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé, bí a kọ̀ bí a gbà. Kí ó kọ́kọ́ bá a pàdé lórí ìjókòó nílé, kí ìyá rẹ̀ sì ti ka ìwé kan náà tán, kí ó lè bi í pé, "Ta ni o rò pé ó jẹ̀bi?" Ìbéèrè yẹn nìkan yóò mú ọ̀rọ̀ jáde ju ìkìlọ̀ ogún lọ.

Ní ti ìtàn ìlú, ìwé méjì ni kí ẹ gbé sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka eré tí Ìṣọ̀lá kọ lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, kí ẹ sì ka ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa obìnrin kan náà àti bí wọ́n ṣe pa á ní 1874. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó ṣa àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ tí ó tún un ṣe, tí ó fi jáde ní 1921. Ẹfúnṣetán inú eré le koko; ti inú ìwé Johnson ní ọ̀tá, ó sì ní ìbànújẹ́. Ọmọ tí ó bá ka méjèèjì ti kọ́ ohun kan tí a kì í rí kọ́ nínú ìwé kan ṣoṣo, pé ẹni tí ó sọ ìtàn ni ó ń pín ẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó jáde ní 1969, lórí àwọn ará Òkè-Ògùn tí ìsìn Ọ̀yọ́ sú. Ìwé òmìnira ni.

Fún àwọn kékeré, J. F. Ọdúnjọ. Olùkọ́ ilé-ìwé Kátólíìkì ni, òun ni ó kọ Aláwìíyé tí púpọ̀ nínú wa fi kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n Kúyẹ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ rà. Ọmọ òrukàn kan tí kò lè sọ̀rọ̀, tí àwọn tí ó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ níyà, ni ìtàn náà dá lé. A kò tíì rí ọmọdé tí ó kà á dé ìdajì tí ó tún ń fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní ọgbà ìjọ St Peter's ní Abẹ́òkúta, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ sí Yorùbá. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ìyá tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku kò rò pé ìtàn iwin yóò ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà yóò sọ pé àwọn ọmọ àwọn kò lè ka Yorùbá. A gbọ́. Ṣóyínká ti túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968. Ẹ fún ọmọ ní èyí, kí ìtàn náà wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ojú ìwé kan péré ti Yorùbá rẹ̀ sókè fún un ní alaalẹ́. Sókè ni a wí. Ìwé Fágúnwà kì í ṣe ìwé tí a ń fi ojú nìkan kà. Ẹnu ni a fi ń kà á, bí ìgbà tí ènìyàn ń kéde. Àwa tí a wà nílé náà nílò ìmọ̀ràn yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn àti Èkó kò sàn ju ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lọ mọ́ ní ti èyí. Ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ yóò nira, ní pàtàkì nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí àmì ohùn kò pé lórí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ahọ́n a yọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ní gbogbo àjọ̀dún, sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan a máa wá ohun tí yóò fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ: ọ̀dà, ẹ̀rọ amúnáwá, kànga ẹlẹ́rọ. Ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n a ń bẹ sẹ́ẹ̀tì kan, ó kéré tán, kí ó ra ìwé lọ́dún yìí, kí ó má sì rà á bí a ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Igba ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a tò sínú àpótí onígíláàsì tí a sì tì í pa kí ó má baà dọ̀tí, ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe yàrá ìkàwé. Ohun tí kíláàsì nílò ni ogójì ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn kà á lọ́sẹ̀ kan náà, kí wọ́n bá ara wọn jà lé e lórí ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, kí olùkọ́ má sì fi ìdánwò kankan dí i. Kíkà fún ìdánwò ti sọ ọ̀pọ̀ ìwé dáadáa di "ta ni ó sọ̀rọ̀ yìí, ta ni ó sọ ọ́ fún?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ojúlówó. Àwọn kan nínú àwọn ìwé tí a dárúkọ kò rọrùn láti rí, àdàkọ wọn sì pọ̀ ní ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àdàkọ ń ja òǹkọ̀wé àti ọmọ òǹkọ̀wé lólè, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ.

Bí ẹ bá sì dé ìpàdé àjọ̀dún, ẹ ó rí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ àti nọ́ḿbà fóònù. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ sí. Ní ti àwa olóòtú, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje wà lọ́wọ́ ẹnì kan, Owó Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kejì tí kò jẹ́ kí a sọ ẹni tí ó ṣe é fún òun, ẹnì kẹta sì ń ka Rẹ́rẹ́ Rún ti Òkédìjí, lórí Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn alágbára dẹkùn mú. Ó ní òun yóò yá sẹ́ẹ̀tì tí ó bá kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá a padà.